Iná Oyèdèjì àti Fótò Ìbejì

Pákó pẹlẹbẹ kan ló pín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Oyèdèjì onífótò níyà ní Ìtamàga, ní Èkó. Bó bá wúkọ́ lọ́hùn-ún, èmi á dáhùn níhìn-ín pé "pẹ̀lẹ́ o." Bí mo bá ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ mi, òun náà á máa gbá pákó, á ní, "Ìyá Moyọ̀, ẹ rọra, ẹ̀ ń mi kámẹ́rà mi jìgìjìgì." Ó ti pẹ́ tí a ti ń bá a bọ̀ báyẹn. Ìwé tí mo kà ò kọjá prámárì, nítorí náà, ẹni tó bá ń wá gírámà kó má wulẹ̀ wá a lọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo fojú rí nípa ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ kọ, torí mo rí i pé irú wọn ń tán lọ.

Ọmọ Ìlá ni, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí igi ìbẹ́pẹ tí èso wọ̀ lọ́rùn. Ojú rẹ̀ máa ń dà bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí oorun ò sì tíì tó o. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, èsì kan náà lẹ máa gbọ́: "Iṣẹ́ ò kú o, èmi ni mò ń kú lọ." Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó ń bínú. Kò bínú. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Kí ló ṣe tí kò ní rẹ̀ ẹ́? Láyé ìgbà kan, bí ọdún Iléyá tàbí Kérésì bá dé, àwọn èèyàn á tò láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ débi tí mo ti ń dáná sí áyọ́ọ̀nù. Ní báyìí, gbogbo ọwọ́ ló ní kámẹ́rà. Pàsípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ ilé ìwé ló kù fún un, àti fótò aṣọ. Àwọn ìyàwó ilé inú ẹ̀sítéètì, àwọn tí ọkọ wọn ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó kí àkùkọ tó kọ, àwọn ló ń kó aṣọ wá kó yà á fún wọn, kí wọ́n lè máa tà á lórí fóònù. Èyí gan-an ló sì fẹ́ pa á. Mọ́fẹ́yìsára kan wà nínú wọn, ọmọ dáadáa ni ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ mú. Lọ́jọ́ kan ló da léèsì lé e láyà: "Bọ̀dá, ẹ wò ó, oníbàárà mi ní àwọ̀ òsùn lòun rí nínú fótò, ata rodo ni mo fi ránṣẹ́ sóun. Ṣé ojú yín ń dùn yín ni?"

Iná rẹ̀ ló fà á. Fláàṣì tòkunbọ̀ méjì ló rà, àwọn iná ńlá tí wọ́n máa ń gbé dúró lórí irin tí wọ́n á ṣí agboòrùn funfun sí níwájú. Ọ̀kan ń tàn pupa díẹ̀, ọ̀kan ń tàn búlúù díẹ̀. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n, àmọ́ aṣọ mọ̀ ọ́n. Orogún ni wọ́n, wọn ò lè fi ẹnu kan sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó gbé ọ̀kan jù sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń lo ọ̀kan yòókù. Mo ní, "Èwo ló wá ń sọ òtítọ́ nínú wọn?" Ó ní, "Kò séyìí tó ń sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n iná kan tó ń pa irọ́ kan náà lójoojúmọ́ sàn ju méjì tí irọ́ wọn ò bára mu lọ. Irọ́ tí mo bá ti mọ̀, mo lè tún un ṣe nínú kọ̀ǹpútà."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Ibi tí mò ń lọ nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, tí ooru fẹ́ bó wa lórí, Wàsílátù wọlé tọ̀ mí wá. Ará Ìkirun ni. Òun àti Dáúdà ọkọ rẹ̀ rẹ́ǹtì yàrá méjì lẹ́yìn ilé epo. Dáúdà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé, oko ẹ̀gẹ́ ló ń dá ní Agbówà, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá. Ìyá Ìbejì ni gbogbo wa ń pe Wàsílátù, a ò sì yí i padà títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló kù tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ọkùnrin ni Táíwò, Kabir lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Obìnrin ni Kẹ́hìndé, òun ni Mardiyah. Nígbà òjò tó kọjá, Kabir bá bàbá rẹ̀ lọ sóko ní Agbówà, ibà kọ lù ú níbẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e débi tí dókítà wà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n pe Wàsílátù, ó sáré lọ bá wọn, ọjọ́ náà ni wọ́n sì sin ọmọ bí ẹ̀sìn ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Ilé aládùúgbò ni Mardiyah wà ní gbogbo àsìkò náà. Kò rí nǹkan kan.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìbejì kì í kú lẹ́nu Yorùbá. Nílé lọ́hùn-ún, bí ọ̀kan bá lọ, wọ́n á ní ó lọ sọ́jà, àbí kí wọ́n ní ó lọ sí Èkó. Àwa tí a ti wà ní Èkó tẹ́lẹ̀ wá ńkọ́, ibo la fẹ́ ní ó lọ? Wàsílátù ní àbúrò ìyá kan tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ làwọn ọmọ méjèèjì máa ń lọ bí ilé ìwé bá gba họlidé. Nígbà tí Mardiyah béèrè Táíwò rẹ̀, ohun tó bọ́ sí ìyá lẹ́nu nìyẹn: "Ó lọ sí Ẹ̀pẹ́."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ ọmọdé máa ń parí? Ìyá àgbà ti kọ́ Mardiyah tipẹ́ pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, pé òun ló rán Táíwò wáyé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Ọmọ náà gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. "Èmi ni mo máa ń rán an níṣẹ́," ló máa ń wí. "Ta ló rán an lọ sí Ẹ̀pẹ́? Èmi ò rán an." Ló bá di pé ó ń sá kúrò nílé. Wọ́n rí i ní ibùdókọ̀ Benson láàárín àwọn agbèrò tó ń pe Ìtòìkín, Ẹ̀pẹ́, ó gbé báàgì ilé ìwé kọ́ ẹ̀yìn, sálúbàtà Kabir wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì mọ̀ ọ́n, òun ló fà á wálé. Ìgbà tó tún sá lọ, inú mọ́tò ló ti jókòó sí. Awakọ̀ ló dijú mọ́rí, ó ní òun ò gbéra, kí ẹni tó lọmọ yìí jáde.

Wàsílátù jókòó lórí àpótí mi, ó na ẹsẹ̀ síwájú. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ti wú.

"Ìyá Moyọ̀, ó ti sú mi. Bí mo bá fẹ́ wẹ̀, mo gbọ́dọ̀ mú un dání wọ balùwẹ̀. Bí mo bá tòògbé báyìí, ọkàn mi á já. Bó bá tún wọ mọ́tò, tí awakọ̀ ò béèrè ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ ò ṣe kúkú sọ fún un?"

Ó wò mí. "Kí n sọ kí ni?"

Mo gbé abẹ́rẹ́ mi, mo wá nǹkan rán.

Ó ní ìyá òun ló pè láti Ìkirun, pé kí òun ya fótò fún wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílé. Èyí tó wà láyé á wọ aṣọ tirẹ̀, wọ́n á yà á. Á tún wọ aṣọ èkejì rẹ̀, wọ́n á tún yà á. Wọ́n á wá so méjèèjì pọ̀ sójú fótò kan, bí ẹni pé wọ́n jọ dúró ni. "Bó bá ti ń rí i lára ògiri láràárọ̀, á mọ̀ pé Táíwò òun wà nílé," ni Wàsílátù wí. "Á yé wá a lọ."

"Ṣé kò sí fótò rẹ̀ kankan lórí fóònù ni?"

"Ti Dáúdà bọ́ sómi. Èyí tó wà lórí tèmi, ẹ̀yìn ló kọ sí mi, ó ń sá lọ. Ta ló rí Kabir kó dúró rí?"

Ohùn kan gba inú pákó wọlé. "Akọ àti abo ni wọ́n, àbí?"

Mo ní, "Bọ̀dá Oyèdèjì, ẹ tún ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀!"

"Èmi kọ́, pákó ló ń gbọ́ ọ. Mo jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ mi."

Ó yí wá bá wa. Ó ní ká ní obìnrin méjì ni wọ́n, kò ní sí wàhálà, fótò kan náà lòun máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá òun ṣe ń ṣe é ní Ìlá, á fi páálí bo ìdajì bébà nínú yàrá òkùnkùn, á tẹ ọ̀kan, á tún bo ìdajì kejì. "Tí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo pàápàá, kò le nígbà náà. Inú oòrùn kan náà lọmọ ń dúró sí, dúdú àti funfun sì ni fótò. Ta ló fẹ́ bá ọ ṣẹjọ́ àwọ̀?" Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ múra ọmọ wá ní Sátidé."

Èmi ni mo rán aṣọ. Àńkárá kan náà, tó yẹ́lò bí mángòrò tó pọ́n dénú. Mo rán gáùn fún Mardiyah, mo rán bùbá àti ṣòkòtò péńpé fún Kabir, mo fi èyí tó kù rán fìlà. Ìbejì kì í wọ aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ara Mardiyah náà ni mo ti wọn ti Kabir, torí bákan náà ni wọ́n ṣe ga. Mò ń wọn Mardiyah lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ náà ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú.

Nígbà tí Sátidé dé, ó kọ́kọ́ dúró pẹ̀lú gáùn. Ó dúró gbọnnkan bí ṣọ́jà, kò rẹ́rìn-ín, kò mira. Iná tàn fáà. Oyèdèjì ní ó ti tó, kò sóhun tó rọrùn tó o. Mo mú ọmọ wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, mo bọ́ gáùn, mo wọ aṣọ kejì fún un, mo dé fìlà sí i lórí.

Ẹ̀yin èèyàn, kì í ṣe ọmọ tó wọlé ló jáde. Bó ṣe débi iná báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó ń fò, ó ń ju ẹsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá afẹ́fẹ́.

"Mardiyah, dúró," ìyá rẹ̀ ní.

"Kabir kì í dúró," ọmọ dáhùn láìwẹ̀yìn. "Bó bá dúró, òun kọ́."

Wàsílátù fi gèlè bo ẹnu. Oyèdèjì yà á, ó wò ó, ó mi orí. Ó pè mí kí n wá wò ó. Ojú ọmọ hàn, àmọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń fà bí èéfín.

"Iná yìí ti tóbi jù fún un," ló ń sọ lábẹ́ ẹnu. "Ẹ rí i, fláàṣì ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ìparí. Bó bá tóbi, ó máa ń pẹ́ kó tó kú. Ojú wa ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ kámẹ́rà mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ń fò á ti kúrò níbi tó wà kí iná tó tán." Ó yí bọ́tìnnì ẹ̀yìn iná náà, ó dín in kù gidi, ó wá gbé iná sún mọ́ ọmọ kó má baà ṣókùnkùn. "Bó bá kéré báyìí, wàì ni á kú."

Ó tún yà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà so rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ bí ẹyẹ, ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, gbogbo ìka hàn kedere. Wàsílátù wò ó, ó ní, "Òun nìyẹn." Gbogbo wa túká. Mo rántí pé Oyèdèjì ò tilẹ̀ ká agboòrùn iná rẹ̀, ó kàn na gbalaja sórí bẹ́ǹṣì.

Ọjọ́ Ajé ló so wọ́n pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Wàsílátù ya wá lẹ́yìn tó mú ọmọ ní ilé ìwé, ó ní kí ọmọ jókòó sọ́dọ̀ mi, òun àti Oyèdèjì wọlé. Mo gba inú àlàfo pákó yọjú. Mo gbọ́ ohùn Wàsílátù, ó rẹlẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe é létè?"

Mo fi máṣíìnì sílẹ̀, mo lọ wò ó. Lójú kọ̀ǹpútà, Mardiyah dúró lápá òsì, ara rẹ̀ ń dán bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Kabir ń fò lápá ọ̀tún, ètè rẹ̀ búlúù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà bí eérú tí omi ta sí. Aṣọ tí èmi fi ọwọ́ ara mi gé láti ara àńkárá kan náà, ti ọ̀kan yẹ́lò bí mángòrò, ti èkejì dà bí ọsàn tí kò tíì pọ́n.

"Bó ṣe rí nígbà tí wọ́n gbé e fún mi ní Agbówà nìyí," Wàsílátù ní. "Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí. Mi ò lè gbé èyí kọ́ sára ògiri."

Oyèdèjì jókòó pẹ̀lẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú láti òkè délẹ̀. "Èmi ni," ló ní. "Láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ léèsì Mọ́fẹ́yìsára ni mo ti mọ èyí. Ọmọ ń fò, ó rẹ̀ mí, mo kàn yí bọ́tìnnì. Mo yí i fún ọ̀kan, mi ò yí i fún èkejì."

Mo ní kó ṣàlàyé fún wa, torí mi ò mọ ohun tó pa bọ́tìnnì àti ètè ọmọ pọ̀. Ó ní bí fláàṣì bá tàn, búlúù ló fi ń bẹ̀rẹ̀, bó bá ń kú lọ ni ó máa ń pupa. Bí èèyàn bá jẹ́ kó jó tó, méjèèjì á pò pọ̀, ara á dára. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fẹ́ kó tètè kú, ṣe ni ẹ̀rọ náà ń gé ìparí rẹ̀ kúrò. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló kù.

Wàsílátù ní, "Wọn ò jẹ́ kó pupa."

Oyèdèjì gbìyànjú láti tún un ṣe nínú kọ̀ǹpútà. Bó bá fi pupa kún ojú ọmọ, ojú á padà bọ̀ sípò, aṣọ á wá dà bí ẹni tẹ̀ ẹ́ sínú epo pupa. Bó bá mú aṣọ bọ̀ sípò, ètè á tún búlúù. "Bí mo bá wo ojú sàn, aṣọ á dùbúlẹ̀ àìsàn," ló ní. Ó pa kọ̀ǹpútà. "Àwọn méjèèjì la máa tún yà. Iná kékeré yẹn la máa lò fún àwọn méjèèjì, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá búlúù, kí wọ́n jọ búlúù. Èyí tó bá jọ rí bákan náà, ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo máa fi tún un ṣe."

Mo ní, "Ẹ ò ṣe lo iná ńlá fún àwọn méjèèjì, kí ọmọ dúró jẹ́ẹ́?"

Wàsílátù ló dáhùn. "Kabir tó dúró jẹ́ẹ́? Ọmọ yìí ò ní gbà pé òun ni."

Ẹ wá wò ó, Mardiyah kọ̀. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó di báàgì ilé ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. "Mo ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ti dì í sínú báàgì. Mo fẹ́ gbé e lọ fún un ni."

"Gbé e lọ síbo?"

"Sí Ẹ̀pẹ́ náà."

Mo wo inú báàgì. Bùbá, ṣòkòtò, fìlà, ó ká wọn dáadáa, sálúbàtà wà lórí wọn. A bẹ̀ ẹ́, a fi bisikíìtì tàn án, Oyèdèjì tó jẹ́ pé kì í ṣeré ṣe ojú bí ọ̀bọ fún un. Ṣe ló tún di báàgì mọ́ra. Wàsílátù ti ń gbẹ́sẹ̀ kan lé èkejì bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Ó ní:

"Wọ̀ ọ́ kí wọ́n yà á. Bí fótò bá ti jáde, èmi àti ìwọ máa lọ sí Ẹ̀pẹ́."

Ọmọ gbójú sókè. "Ẹ búra."

"Wàláì."

Mo wo Oyèdèjì, Oyèdèjì wò mí. Kò sí Kabir kankan ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n fẹ́ lọ bá. Ó ti bọ́ lẹ́nu ná.

Wàsílátù lọ mú gáùn wá nílé, Oyèdèjì mú sẹ́lótéèpù, ó lẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀. Ó sàmì sílẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì níbi tí ẹsẹ̀ iná wà, ó ní kí n má tẹ máṣíìnì, kí n má tilẹ̀ mí bó bá ṣeé ṣe. Ó gbé páálí aláwọ̀ eérú kan lé Mardiyah lọ́wọ́, ó fi ìyẹn ya ọ̀kan, ó ní ara páálí yẹn lòun á ti mọ irọ́ tí iná ń pa. Ọmọ dúró pẹ̀lú gáùn, gbọnnkan. Ó pààrọ̀ aṣọ, ó fò. Láàárín fáà kan sí èkejì, Oyèdèjì ń dúró kí iná rẹ̀ mí dáadáa kó tó tún tàn án. Ooru mú wa bí ẹni wà nínú ìkòkò. Nígbà tó yọ kámẹ́rà lọ́rùn, ọrùn rẹ̀ ti bó.

Ó gbé e lọ sí láàbù, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó fi férémù sí i. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ilé ìwé, gbogbo wa pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mi torí tèmi ló ní fáànù. Ó ṣí bébà lára rẹ̀.

Mángòrò kan náà ni. Aṣọ kan náà, ara kan náà, ètè kan náà. Ọ̀kan dúró, ọ̀kan ń fò, ẹ ò lè fi ọwọ́ sọ ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Omi kàn ń já bọ́ lójú Wàsílátù ni, kò pariwo. Ó ní, "Kabir mi rèé." Mo rí i pé èjìká rẹ̀ wálẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù.

Mardiyah sún mọ́ ọn. Ó fi ìka tọ Kabir láti fìlà wálẹ̀. Bó ṣe débi ẹsẹ̀, ìka rẹ̀ dúró.

"Àpá mi nìyí."

Ṣòkòtò péńpé ni mo rán, ẹ rántí. Bó ṣe fò, ó ká sókè. Lábẹ́ orúnkún rẹ̀, níbi tí sàléńsà ọ̀kadà ti jó o nígbà kan, àpá náà hàn bí ẹni fi bírò yà á. Gbogbo wa ti gbàgbé pé ó ní àpá. Ó gbé gáùn yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fótò.

Oyèdèjì tẹ orí mọ́lẹ̀ wò ó. "Iná kékeré yẹn náà ni," ló ní, bí ẹni tí ẹrù tún wọ̀ lọ́rùn. "Ká ní iná ńlá ni, èéfín ni ẹsẹ̀ yẹn ì bá jẹ́. Ẹ gbé e wá. Mo máa pa àpá rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, nǹkan kékeré ni."

"Ẹ má pa á rẹ́," Mardiyah ní. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, bí Kabir bá wà ní Ẹ̀pẹ́, kí ló dé tí èmi ń bá a ya fótò? Kí ló dé tí a ò kàn gbé Bọ̀dá Onífótò lọ bá a níbẹ̀?"

Fáànù ń yí. Mo fẹ́ dá a lóhùn, Oyèdèjì mi orí sí mi. Wàsílátù wá ìjókòó, kò rí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àgékù aṣọ. Ó fa ọmọ mọ́ra.

"Kò sí ní Ẹ̀pẹ́," ló ní. "Irọ́ ni mo pa. Ó kú, Kẹ́hìndé. Ibà ló pa á. Agbówà ló wà, lẹ́yìn oko bàbá rẹ, wọ́n gbin ìgbá yí i ká."

Ọmọ ò sunkún lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó ń wo fótò. Ó ní, "Agbówà ò jìnnà tó Ẹ̀pẹ́."

"Kò jìnnà tó o."

"Ṣé mọ́tò Ẹ̀pẹ́ náà la máa wọ̀?"

"Òun náà ni. A kàn máa sọ̀ ní Ìtòìkín ni."

"Ẹ ti búra."

"Mo ti búra. A máa lọ lọ́la."

Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún, ó sun ún, ó sun ún, títí tó fi sùn lọ sí ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Wàsílátù náà fi ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ máṣíìnì mi, oorun gbé e. Mi ò jí wọn. Aṣọ oníbàárà kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ mi tó yẹ kí n parí, mo jẹ́ kó dúró síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo rí wọn tí wọ́n ń kọjá lọ sí ibi mọ́tò. Báàgì ilé ìwé wà lẹ́yìn ọmọ. Wọ́n fi fótò sílẹ̀ nílé, lára ògiri, pẹ̀lú àpá. Mardiyah ló ní kó wà bẹ́ẹ̀, ó ní òun lòun bá a dúró, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun ò sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sá lọ sí Benson mọ́. Bó bá fẹ́ rí i, á sọ fún ìyá rẹ̀, wọn á bá Dáúdà lọ bó bá ń padà sóko.

Nígbà tí wọ́n kọjá tán, mo gbọ́ tí Oyèdèjì ń já sẹ́lótéèpù lára iná rẹ̀. Mọ́fẹ́yìsára ti tún kó àpò aṣọ dé. Oyèdèjì wúkọ́.

"Pẹ̀lẹ́ o," mo ní. "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá."

Mo dúró kó ní òun ló ń kú lọ, bó ṣe máa ń wí. Ohùn rẹ̀ gba inú pákó wọlé.

"Ẹ rọra tẹ máṣíìnì," ló ní. "Mo fẹ́ tan iná."